Ẹni Tó Ń Ka Orí

Ní Augusta, níbi tí odò Kennebec ti ń di gíláàsì lóṣù Kejìlá,
èmi ni mo ń nu tábìlì ilé aṣòfin lóru.
Mo mọ ẹni tó ń lẹ ṣingọ́ọ̀mù mọ́ abẹ́ àga,
mo mọ ẹni tó ń sùn, tí itọ́ rẹ̀ ń gbẹ sára àbádòfin.
Gbogbo wọn a ti lọ kí n tó dé,
àfi Odile Pelkey.

Kì í ṣe Abẹnugan. Kì í ṣe olórí ẹgbẹ́.
Òun ni ẹgbẹ́ yàn láti máa ka orí:
ta ló wà níhìn-ín, ta ló wà lọ́hùn-ún,
ta ló búra pé òun kò ní í yẹ̀, tó sì ti yẹ̀.
Pẹ́ńsùlù kúkúrú létí rẹ̀ bíi ti káfíńtà,
èérún rọ́bà ìpàwérẹ́ níwájú rẹ̀ bí iyọ̀,
á pe fóònù ní agogo mọ́kànlá òru:
“Merle, ara ìyàwó rẹ ńkọ́? Wàá lè wá lọ́la?”
Ó mọ ẹni tí yìnyín yóò há mọ́nà,
ó mọ ẹni tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bínú kó tó gbà,
ó mọ ẹni tí ife kọfí kan tó fún,
àti ẹni tí afárá tuntun kò tó.

Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé nílé wa
a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá òun, ará Quebec tó bí mọ́kànlá,
kì í jẹ́ kí àlejò ka àwọn nídìí oúnjẹ.
“Ṣùgbọ́n, Ajíṣafẹ́,” (ó fa orúkọ mi bí ẹní fa gọ́ọ̀mù)
“bí mi ò bá kà á, ta ni yóò kà á?”

Àbádòfin ilé iṣẹ́ bébà wá dé.
Corliss Falls ni ilé iṣẹ́ náà wà, ìlú tí wọ́n bí i sí,
níbi tí bàbá rẹ̀ fi ìka méjì sílẹ̀ fún ẹ̀rọ.
Ẹgbẹ́ ní kí ìjọba dá owó ìrànwọ́ wọn dúró,
nítorí oró wọn ti wọnú odò.
Òótọ́ ni. Ẹja ń kú.
Òótọ́ sì ni pé ọ̀ọ́dúnrún ìdílé ló ń jẹun níbẹ̀.
Ó ka orí. Ó tún un kà.
Márùndínlọ́gọ́rin.
Mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni wọ́n ń wá.

Lọ́jọ́ ìbò, mo dúró lẹ́yìn ìlẹ̀kùn pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì mi.
Iná ń tàn lára ògiri, àwọ̀ ewé, pupa,
ọ̀kan ṣoṣo ṣókùnkùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀.
Abẹnugan gbé òòlù sókè, kò sọ ọ́ kalẹ̀.
Ẹnìkan wúkọ́.
Ó sì tàn: àwọ̀ ewé.

Wọ́n gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.
Ní Corliss Falls, Réal ẹ̀gbọ́n rẹ̀
kọjá lára rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni kọjá lára òpó.
Láti oṣù Kẹjọ ló ti sọ fún mi
pé ìbò mọ́kànlélógójì ni wọn yóò fi lé òun kúrò.
Méjìdínlógójì ni wọ́n fi lé e.
Ó ní, “Mẹ́ta ṣàánú mi. Mi ò mọ àwọn wo.”
Ohun tó ká a lára jù nìyẹn, pé kò mọ àwọn wo.

Nínú agbọ̀n ìdọ̀tí rẹ̀ ni mo ti rí ìwé náà:
orúkọ mọ́kànléláàádọ́jọ,
àmì àròpọ̀, àmì àyọkúrò, ó mọ́ roro.
Àmì ìbéèrè ẹyọ kan: ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́,
ó tún kọ ọ́, ó tún pa á rẹ́,
títí bébà fi lu ní ẹ̀gbẹ́ Pelkey.

Ẹni tó gba ipò rẹ̀ kì í pẹ́ lóru.
Ẹ̀rọ ló fi ń kà.
Mo nu tábìlì rẹ̀ lánàá. Mo tún fi ọwọ́ lásán pa á.
Kò sí èérún kankan níbẹ̀.